Ìrìn Tí Mo Rìn Lórí Àga

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń rìn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé ènìyàn lè jókòó sórí àga, kí ó di ojú rẹ̀, kí ó má mi ẹsẹ̀ rárá, síbẹ̀ kí ó máa kọ́ ìrìn, ǹ bá ní onítọ̀hún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Ahunṣọ ni bàbá mi, aṣọ òkè ni ó sì hun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ọdún 2003, mo rìnrìn àjò lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọdún 2006, mo rí iṣẹ́ gbà lọ́dọ̀ àwọn tí ń pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Àdúgbò Peckham ni wọ́n fi mí sí, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ra iṣu, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí láì sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, èmi a gbé àpò lẹ́tà kọ́ èjìká, èmi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ọjọ́ kan, mo lè rin máìlì 7 tàbí 8. Mo mọ ilé tí ajá burúkú wà, mo mọ àtẹ̀gùn tí òkúta rẹ̀ ń mì, mo mọ géètì tí a gbọ́dọ̀ fi orúnkún tì kí ó tó ṣí. Ẹsẹ̀ mi ni oko mi, ẹsẹ̀ mi náà sì ni ọkọ́ mi. N kò dúpẹ́ nítorí rẹ̀ rí, nítorí pé ohun tí ó bá wà lára ẹni kì í jọ ẹ̀bùn lójú ẹni.

Ní ìgbà ooru ọdún 2015, ẹsẹ̀ mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, bí ẹni pé mo wọ bàtà tí omi kún inú rẹ̀. Bí mo bá rìn fún wákàtí kan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà a máa wọ́ nílẹ̀, èmi a sì kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta. Bí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀, ojú mi a ṣú fún ìgbà díẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá sọ fún mi pé àárẹ̀ ni, kí n lọ sinmi. Mo sinmi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò sàn. Ọdún kan gbáko kọjá kí wọ́n tó gbé mi sínú ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń ya àwòrán inú orí. Ní ọdún 2016, dókítà mìíràn fi àwòrán náà hàn mí. Àwọn àmì funfun kéékèèké wà káàkiri inú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹfun bá ta sí ara aṣọ dúdú. Ó sọ fún mi pé orúkọ àìsàn náà ni multiple sclerosis.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ni àpá líle púpọ̀. Jean-Martin Charcot, oníṣègùn ará Faransé, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní ọdún 1868, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Paris. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn ilẹ̀ olótùútù tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ní ọdún 2020, àwọn tí ń ka iye àwọn tí ó ní in ní gbogbo ayé rí i pé wọ́n tó mílíọ̀nù 2.8. Obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn, àárín ogún ọdún sí ogójì ọdún ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ènìyàn lẹ́nu, nígbà tí agbára rẹ̀ yẹ kí ó pé.

Èmi tí mo ti pín lẹ́tà fún ọdún 9, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yé mi. Ọpọlọ ni olú ilé-iṣẹ́ tí ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ nínú ara wa. Bí mo bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ a kọ lẹ́tà, a sì fi í rán àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín tí ó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Ọ̀rá kan bo àwọn fọ́nrán náà bí rọ́bà ti í bo wáyà iná mànàmáná. Myelin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà a ṣèèṣì kọjú ìjà sí ọ̀rá náà, wọn a sì bó o. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà a máa pẹ́ lọ́nà, òmíràn a fàya, òmíràn kì í tilẹ̀ dé rárá. Ẹsẹ̀ kò jẹ̀bi. Lẹ́tà ni kò dé. Oògùn wà tí ń dín ìjà náà kù; ọdún 1993 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí oògùn tí ń mú àìsàn náà kúrò pátápátá.

Wọ́n mú mi kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n fi mí sí ibi tí a ti ń to lẹ́tà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ ní Ìsẹ́yìn, ó pè mí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àkànní, ẹsẹ̀ tí ó ti ń rìn láti kékeré, ta ni ó ní kí ó dúró?"

Mo dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àìsàn ni."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Bí ó bá jẹ́ àìsàn, lọ jókòó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáká kì í bá ọ̀nà jà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ máa mú ọmọ lọ sí ilé-ìwé."

Ìfẹ́ ni ó mú kí ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òru ni ó sì ń ṣe é. Bí ó bá wọlé ní òwúrọ̀, oorun ni ojú rẹ̀ ń wá. Èmi ni mo máa ń mú Délé ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà náà. Ìrìn náà kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ṣùgbọ́n títì ńlá kan wà láàárín rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2017, èmi àti Délé dé etí títì yìí. Iná aláwọ̀ ewé tàn fún àwa ẹlẹ́sẹ̀, a sì bọ́ sí ojú títì. A kọjá tán díẹ̀ ni ó kù. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì gun etí títì kejì, èyí tí wọ́n mọ ga díẹ̀ sí ojú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ náà kò gòkè. Ó kọ́ etí òkúta, mo sì ṣubú gbalaja, ìdajì ara mi lórí títì, ìdajì lẹ́bàá rẹ̀. Iná yí padà. Àwọn ọkọ̀ dúró, ẹnì kan sì ń fọn fèrè. Délé di apá mi mú, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fà mí, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí mo dìde tán, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹsẹ̀ yín kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún un ni?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti mú un lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ìyàwó mi a ti ibi iṣẹ́ òru dé, a mu omi, a sì tún jáde pẹ̀lú ọmọ. Kò ráhùn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n èmi a máa gbọ́ bí ó ti ń wọ́ bàtà rẹ̀ nílẹ̀ bí ó bá padà dé. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan kì í dá dùn ún. Gbogbo ilé ni í bá a tiro.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi eré ìdárayá tọ́jú àwọn tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Físíò ni a ń pe irú wọn. Ó fi ilà méjì sí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 25 ni ó wà láàárín wọn. Ó ní kí n rìn láti orí ọ̀kan dé èkejì, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 11 ni mo fi rìn ín.

Lẹ́yìn èyí, ó gbé àga fún mi. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ di ojú yín, kí ẹ sì rin ìrìn kan náà lọ́kàn yín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wí fún mi. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ wí fún mi."

Mo ṣe bí ó ti wí. Nígbà tí mo la ojú, ó fi aago hàn mí. Ìṣẹ́jú àáyá 4 péré ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ta ni ó rin ìrìn yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Rárá. Ọkùnrin tí ó ń pín lẹ́tà ní ọdún 2010 ni ó rìn ín. Níbo ni ẹ̀yin wà nígbà tí ó ń rìn?"

Mo rò ó wò. Lóòótọ́, ẹ̀yìn ara mi ni mo wà. Mò ń wo ọkùnrin kan tí ó gbé àpò lẹ́tà, tí ń lọ níwájú mi wéréwéré, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo sinimá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ẹ kò rìn nígbà náà, ẹni tí ń rìn ni ẹ wò. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín ni pé kí ẹ rìn láti inú ara yín, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ẹ ní lónìí, ní ìwọ̀n àkókò tí yóò gbà yín lónìí."

Èmi kò fi pa mọ́ fún yín pé mo fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọkàn mi, mo ní, "Mo wá gba ìwòsàn, obìnrin yìí ń kọ́ mi ní àlá lílá." Bóyá ó rí i ní ojú mi, nítorí ó jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí ènìyàn bá ń ro ìṣísẹ̀ lọ́kàn dáadáa, ọ̀pọ̀ lára àwọn ibi tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ bí a bá ń rìn gan-an ni í ṣiṣẹ́ nígbà náà pẹ̀lú. Ó sọ fún mi nípa Guang Yue àti Kelly Cole ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1992. Wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ọmọ ìka ọwọ́ tí ó kéré jù tẹ nǹkan gan-an, kí àwọn mìíràn sì máa rò ó lọ́kàn lásán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, agbára ìka àwọn tí ó tẹ nǹkan fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ti àwọn tí ó rò ó lásán fi ìdá 22 lé sí i. Ó tún sọ ti Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1995, tí wọ́n kọ́ àwọn ènìyàn ní orin kékeré kan lórí dùùrù. Àwọn tí ó fi ọkàn nìkan tẹ dùùrù fún ọjọ́ 5 mọ̀ ọ́n tó àwọn tí ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ 3.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi fò lọ sí Ìsẹ́yìn, sí ìdí òfì bàbá mi. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ aṣọ tuntun, bàbá mi a jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a wà lórí itan, ojú rẹ̀ a máa wo ibi tí kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í ní ọjọ́ kan pé, "Bàbá, kí ni ẹ ń ṣe?" Ó dá mi lóhùn pé, "Mò ń hun ún ni." Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Ó gba mí ní ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ẹsẹ̀ tí ń wọ́ nílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ bàbá mi tó yé mi. Mo sọ fún obìnrin náà pé màá gbìyànjú.

Ìṣẹ́jú 17 ni ó ní kí n máa fi ṣe é lójúmọ́, ọjọ́ 6 nínú ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 4. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti máa tọ́ mi sọ́nà, ó sì fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń dún "kó, kó, kó" ní ìwọ̀n kan náà, kí ìṣísẹ̀ mi lè máa tẹ̀ lé e. Ìró yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọkàn láìsí ìlù a máa sáré, a sì máa ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìró ẹ̀rọ náà gbẹ létí mi. Mo bi í bóyá mo lè lo ìlù dùndún tí mo ní nílé. Ó ní, "Bí ìlù náà bá ń lọ déédéé, tí ìṣísẹ̀ yín sì bá a mu, ẹ lò ó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Ní àárọ̀, nígbà tí ilé bá dákẹ́, èmi a jókòó lórí àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, èmi a tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀, èmi a sì di ojú. Èmi a kọ́kọ́ gbọ́ ìlù náà fún ìgbà díẹ̀ láì rò nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí: mo rí i lọ́kàn bí ìwúwo ara mi ti ń bọ́ sí apá ọ̀tún kí òsì lè fúyẹ́. Orúnkún òsì tẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé sókè. Gìgísẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ìka. Apá ọ̀tún fì síwájú. Mo gbọ́ òtútù àárọ̀ ní ojú mi, mo gbọ́ bí bàtà ti ń ró lórí òkúta. Ọ̀nà tí mo sì ń rìn kò ṣòro fún mi láti rí, nítorí pé ọ̀nà tí mo ti ń pín lẹ́tà ni. Ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbàgbé géètì kan.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ní ọjọ́ kìíní, ọkàn mi ti kúrò lójú ọ̀nà kí ìṣẹ́jú 3 tó pé, ó ti ń ro owó ilé. Ní ọjọ́ kejì, mo sùn lọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo tún rí ọkùnrin ọdún 2010 yẹn tí ń sáré lọ níwájú mi, mo sì ní láti pè é padà. Bí mo bá ṣe é tán, ó máa ń rẹ̀ mí bí ẹni tí ó gun òkè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo yí ọ̀nà padà. Mo ní kí n mú Délé lọ sí ilé-ìwé lọ́kàn mi. A jáde nílé, ìlù ń lọ, ẹsẹ̀ ń bá a mu, títí a fi dé ojú títì ńlá yẹn. Nígbà tí ó kù ìṣísẹ̀ kan kí n gun etí títì kejì, mo ṣubú. Orí àga ni mo wà, kò sí ohun tí ó kàn mí, síbẹ̀ mo ṣubú lọ́kàn mi, àyà mi sì ń lù kìkì. Mo tún un ṣe ní ọjọ́ kejì; mo tún ṣubú ní ojú kan náà. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ní oṣù kẹwàá yẹn, ara mi nìkan kọ́ ni ó ṣubú. Ọkàn mi bá a ṣubú, ara ti dìde, ọkàn kò tíì dìde.

Mo ro ìròyìn yìí fún obìnrin náà, mo sì rò pé yóò ní kí n gba ọ̀nà mìíràn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ má fo ibẹ̀. Ẹ dẹ ìlù sílẹ̀. Ẹ dúró níwájú etí títì náà bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ dá a dúró, kí ẹ tó gbé e kalẹ̀." Ọjọ́ 9 ni mo fi dúró níwájú òkúta kan ṣoṣo nínú ọkàn mi. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gùn ún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo kàn jókòó lórí àga, mo sì nu ojú mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 4 pé, mo padà lọ sí ibi ilà méjì náà. Ìṣẹ́jú àáyá 9 ni mo fi rìn ín. Nígbà tí mo sì rìn fún ìṣẹ́jú 6 láìdúró, mítà 290 ni mo lè rìn, níbi tí mo ti rin mítà 250 tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè ní kí ni ìṣẹ́jú àáyá 2 lè ṣe. Ẹni tí ó bá ti wà lójú títì nígbà tí iná ń yí padà ni ó mọ iye tí ó tó.

Obìnrin náà sọ fún mi pé èmi nìkan kọ́. Barbara Seebacher àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti dán irú ìdánrawò yìí wò ní ìlú Innsbruck ní ilẹ̀ Austria, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Lọ́dọ̀ wọn ni ìṣẹ́jú 17 náà ti wá. Àwọn ènìyàn 101 tí ó ní àìsàn yìí ni wọ́n bá iṣẹ́ náà dé òpin. Apá kan fi orin ṣe ìdánrawò, apá kejì fi ìró ẹ̀rọ ṣe é, apá kẹta kò ṣe é rárá. Àwọn apá méjì tí ó ṣe é yára rìn ju apá kẹta lọ, wọ́n sì rìn jìnnà jù ú lọ. Ní ti àárẹ̀ ara, àwọn tí ó fi orin ṣe é nìkan ni tiwọn fúyẹ́ sí i. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì rántí ìlù dùndún mi.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kí a sọ. Ìdánrawò yìí kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ìwòsàn. Kò fi ọ̀rá tuntun bo fọ́nrán tí ó bó. Ó ń kọ́ ọpọlọ láti lo ọ̀nà tí ó kù dáadáa ni. Àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn ní Innsbruck ṣì lè rìn. Kì í ṣe àwọn tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Mo ń lo oògùn mi, mo sì ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi. Bí ooru bá mú, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń wúwo. Bí ọ̀nà bá jìn, ọ̀pá ni mo fi ń ti ara mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ dé. Kí ó tó mu omi, mo ní, "Ìyá Délé, lọ sùn. Èmi ni yóò mú un lọ."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá Délé, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo ní, "Mo ti rin ọ̀nà náà láìmọye ìgbà."

Èmi àti Délé jáde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ń wo ẹsẹ̀ mi lọ́nà gbogbo. A dé ojú títì. Iná tàn, a bọ́ sí i. Nígbà tí a dé iwájú etí títì kejì, mo rí i tí ọmọ náà dá èémí dúró. Mo gbọ́ ìlù náà nínú orí mi. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì, mo dá a dúró, mo gbé e kalẹ̀ lórí òkúta náà. Ọ̀tún tẹ̀ lé e. Iná kò tíì yí padà.

Délé gbé ojú sókè, ó ní, "Bàbá, ó gbọ́ yín lónìí."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn, mo sì ròyìn fún un. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní, "Àkànní, ọ̀nà wo ni o gbà tí o fi débẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, orí àga ni mo gbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní, "Lóòótọ́ ni àwọn àgbà wí, pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

Délé ti dàgbà nísinsìnyí, ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bíi tiyín, òun nìkan ni ó sì ń dá lọ. Èmi kò tíì fi àga mi sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ẹni tí ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú títì, ẹ má ṣe fọn fèrè mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ kò mọ iye ìgbà tí ó ti rin ìrìn náà kí ẹ tó rí i. Bí iṣẹ́ kan bá sì wà níwájú ẹ̀yin náà tí ó ń bà yín lẹ́rù, ẹ jókòó, kí ẹ rìn ín lọ́kàn yín ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tan ara yín jẹ níbẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn ín, ẹ má sì fo ibi tí ẹ ti ṣubú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.